YINNI YINNI, KÍ ẸNI Ó LÈ ṢE ÒMÍRÀN

Ọ̀rọ̀ lórí èrè àti ìyà nínú ìtọ́jú àwọn tí àrùn ọpọlọ ń bá jà, tí a sọ níwájú àpéjọ ọdọọdún Ẹgbẹ́ ní Ṣógúnlé

Lọ́dọọdún ni a ń jíròrò lórí ọ̀nà, omi, ilé-ìwé àti iná mànàmáná, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ìlú. Bí ọ̀nà bá dára, tí ọmọ ẹni sì wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, ìtẹ̀síwájú wa kò tíì pé.

Àwọn baba wa wí pé wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Gbogbo wa ni a ti rí i ní Oṣòdì àti ní ẹ̀gbẹ́ ojú irin rélùwéè: ọmọ ènìyàn kan ń dá sọ̀rọ̀, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé e, àgbàlagbà ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bí i kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó bí i, tí ó tọ́ ọ, tí ó sì ń bá a gbé ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá: nígbà tí a bá fẹ́ kí ẹni tí àrùn yìí ń bá jà ṣe rere, ṣé pàṣán ni kí a mú dání ni, tàbí ẹ̀bùn?

OHUN TÍ ÀRÙN NÁÀ JẸ́

Oríṣiríṣi ni àrùn ọpọlọ. Èyí tí mo ń wí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní schizophrenia. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà èwe, nígbà tí òbí ń retí pé kí ọmọ parí ẹ̀kọ́, kí ó ríṣẹ́, kí ó sì gbéyàwó tàbí kí ó relé ọkọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 1 nínú 300 ni ó ní in káàkiri ayé. Bí a bá ro iye ènìyàn tí ó kún àdúgbò wa yìí láti Bọ́ládé títí dé ẹnu ààlà Ìkẹjà, a ó mọ̀ pé agbo ilé tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kò jìnnà sí èyíkéyìí nínú wa.

Apá méjì ni àrùn náà ní. Apá kìíní ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Aláìsàn a máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, a máa gbàgbọ́ pé wọ́n ń lépa òun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì máa dàrú. Apá kejì kò ní ariwo nínú, nítorí náà a kì í kà á sí àìsàn. Aláìsàn a jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́. Kò ní fẹ́ wẹ̀, kò ní fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, iṣẹ́ tí ó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò ní wù ú mọ́. Apá kìíní ni ó ń mú kí a sáré wá ìwòsàn. Apá kejì ni ó ń mú kí ìyá sunkún, kí ẹ̀gbọ́n sì wí pé, “Ọ̀lẹ ni. Ara rẹ̀ ti yá, kò kàn fẹ́ ṣiṣẹ́ ni.” Ibi tí a ti pe àìsàn ní ọ̀lẹ, ibẹ̀ gan-an ni pàṣán ti ń wọlé.

BÍ ỌPỌLỌ ṢE Ń KỌ́ Ẹ̀KỌ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ọmọdé kan jẹ́ iṣẹ́ fún ìyá àgbà, ìyá àgbà sì fún un ní àkàrà. Kò retí rẹ̀, nítorí náà inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ní ọjọ́ kejì, bí ó bá ti gbọ́ tí ìyá àgbà pè é, inú rẹ̀ ti dùn kí àkàrà tó dé. Bí ó bá sì jíṣẹ́ tán tí kò rí nǹkan gbà, ojú rẹ̀ a fà ro. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun tí a retí àti ohun tí a rí gbà ni ọpọlọ fi ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ohun tí àwọn àgbà rí nìyí tí wọ́n fi wí pé, “Yinni yinni, kí ẹni ó lè ṣe òmíràn.”

Ní 1997, Wolfram Schultz pẹ̀lú Peter Dayan àti Read Montague ṣe àlàyé bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ. Èròjà kan wà tí à ń pè ní dopamine. Nígbà tí ọ̀bọ tí wọ́n ń ṣọ́ bá rí omi èso gbà láìròtẹ́lẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń tú èròjà yìí jáde a ta gìrì. Nígbà tí ó bá ti mọ àmì tí ń ṣáájú omi èso, àmì náà ni wọn a máa ta gìrì sí. Bí àmì bá dé tí omi èso kò dé, wọn a rọlẹ̀ lójijì. Bí ọmọ tí ó jíṣẹ́ fún ìyá àgbà ti rí gẹ́lẹ́ ni ọ̀bọ náà rí.

Èròjà kan náà ni ó ń dàrú lára ẹni tí ó ní àrùn tí à ń sọ yìí, òun náà sì ni àwọn òògùn ilé ìwòsàn ń bá wí. Kí a má ṣe rò pé àjèjì ni ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọ̀ wa. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi gbòǹgbò asọ́fẹ́yẹjẹ tọ́jú irú àìsàn báyìí láti ìgbà pípẹ́. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ kan tí ó ṣiṣẹ́ láàárín wa, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1960. Èròjà reserpine wà nínú gbòǹgbò náà, bí ó ti wà nínú igi kan tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí àwọn òyìnbó ti kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde ní 1952. Reserpine yìí ni Arvid Carlsson ará Sweden lò fún àwọn ehoro ní 1957 tí wọ́n fi dákẹ́ rọ́rọ́, tí ó sì fi òògùn mìíràn tí ń di dopamine nínú ọpọlọ jí wọn padà. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí dopamine mú un gba ẹ̀bùn Nobel ní 2000. Ohun tí gbòǹgbò wa ń ṣe wà lára ohun tí ó la ojú ayé sí ọ̀rọ̀ dopamine. Òògùn àti pàṣán ni àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa. Ó yẹ kí a mọ èyí tí a ó di mú àti èyí tí a ó jù nù.

OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ FI HÀN

Ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, James Waltz, James Gold, Michael Frank àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 àti ní 2012. Nínú èyí tí ó jáde ní 2012, wọ́n gbé àwòrán méjì méjì síwájú àwọn aláìsàn àti àwọn tí ara wọn dá. Nínú àwọn àwòrán kan, ẹni tí ó bá yan èyí tí ó tọ́ a sábà rí owó díẹ̀ gbà. Ẹni tí ó bá ṣì í yàn kì yóò rí nǹkan. Nínú àwọn yòókù, ẹni tí ó bá ṣì í yàn a sábà pàdánù owó. Ẹni tí ó bá yan èyí tí ó tọ́, owó rẹ̀ a dúró láìdín. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn èyí tí ó tọ́. Ìrírí ni yóò kọ́ wọn.

Àwọn aláìsàn tí apá kejì àrùn náà wọ̀ lára kò lè kọ́ èyí tí ń mú èrè wá bí àwọn tí ara wọn dá ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ní ti sísá fún àdánù, wọn kò kẹ́yìn. Nígbà tí a sì gbé àwòrán tí ń mú owó wá sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí kò ṣe ju pé kí owó má sọnù, àwọn tí ara wọn dá yan èyí tí ń mú owó wá. Lójú àwọn aláìsàn wọ̀nyí, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro ọ̀rọ̀ náà wò. Ẹni tí ó bá rí i pé kí ohun rere tẹ òun lọ́wọ́ kò sàn ju kí ohun búburú má ṣe òun lọ, kí ni yóò mú un dìde kúrò lórí àga?

Àwọn olùwádìí mìíràn, tí Ann Kring wà lára wọn, tún rí i pé nígbà tí adùn bá wà lẹ́nu, aláìsàn a máa mọ̀ ọ́n ní adùn. Ríretí adùn tí kò tíì dé ni ó ń ṣòro fún un. Bí a bá gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀, yóò jẹ ẹ́, yóò sì gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn ìrẹsì tí ń bọ̀ lálẹ́ kò lè gbé e dìde láàárọ̀. Kì í ṣe gbogbo ìwádìí ni ó bá ara mu délẹ̀, aláìsàn kan sì yàtọ̀ sí èkejì. Síbẹ̀, ohun tí a ti mọ̀ tó láti mú ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ kúrò lẹ́nu wa.

ÌDÍ TÍ PÀṢÁN FI DÀBÍ ẸNI PÉ Ó ṢIṢẸ́

A máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn pé, “Bí a kò bá nà án, kò ní gbọ́.” Wọn kì í purọ́. Wọ́n ti fi ojú ara wọn rí i pé aláìsàn tí kò dá ìyìn lóhùn a máa dákẹ́ bí ó bá rí pàṣán. Ìwádìí tí mo sọ jẹ́ kí a mọ ìdí rẹ̀. Ìlẹ̀kùn tí èrè ń gbà wọlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tì. Èyí tí ìyà ń gbà wọlé ṣì ṣí sílẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó ṣí yóò rò pé òun ti rí ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n kí ni pàṣán kọ́ ọ? Kò kọ́ ọ bí a ti ń wẹ̀, bí a ti ń gbálẹ̀, bí a ti ń kí ènìyàn. Ohun tí ó kọ́ ọ ni kí ó má ṣe nǹkan kan, nítorí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan kì í ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a fi ọwọ́ ara wa mú apá kejì àrùn náà le sí i, tí a sì tún ń bínú pé ó jókòó tẹtẹrẹ. Ní ti ohùn tí ó ń gbọ́, kò sí pàṣán tí ó gùn dé ibi tí ohùn náà wà. Ó lè kọ́ láti má sọ ọ́ jáde mọ́. Ẹni tí kò sọ ohun tí ń ṣe é fún oníṣègùn ni ìwòsàn rẹ̀ ń pẹ́ jù lọ.

Ní 2019, àjọ Human Rights Watch tẹ ìròyìn kan jáde lẹ́yìn tí ó ti bẹ ilé 28 wò ní Nàìjíríà, ti ìjọba, ti oníṣègùn ìbílẹ̀, ti ìjọ Kristẹni àti ti Mùsùlùmí. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti ẹgba wà nínú ohun tí ó ròyìn. Ṣùgbọ́n ní 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí mìíràn jáde láti agbègbè Ìbàdàn àti Kúmásì ní Ghana. Wọ́n mú kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn àlùfáà tí ń tọ́jú irú aláìsàn báyìí fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn aláìsàn wọ̀nyí yá ju ti àwọn tí a kò ṣe irú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yìí fún, ìyà tí a fi ń jẹ wọ́n sì ti dínkù gidigidi. Bí ó bá jẹ́ pé ẹgba ni ó ń woni sàn ni, ìdínkù ẹgba ìbá ti mú àìsàn pọ̀ sí i.

OHUN TÍ ÀRÒ KỌ́ WA

Ní 1907 ni ìjọba àwọn òyìnbó ṣí ilé Yábàá, láti fi pa àwọn alárùn ọpọlọ mọ́ kúrò ní ìgboro. Títí di òní, bí ènìyàn bá fẹ́ bú ẹnì kejì rẹ̀ ní Èkó, a ní kí wọ́n gbé e lọ sí Yábàá. Ṣùgbọ́n ilé náà ti di ilé ìwòsàn gidi, ó sì ní ẹ̀ka tí ń tọ́jú àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Oṣòdì níbí, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà wa.

Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, gba ọ̀nà mìíràn ní Àrò. Ó fi àwọn aláìsàn sí ilé àwọn ará abúlé, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìbátan kan ó kéré tán, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀. Lọ́sàn-án, wọn a padà sí abúlé, sáàárín àwọn ènìyàn, iṣẹ́ oko, ìkíni àti ìjókòó abẹ́ igi. Lójú tèmi, ọgbọ́n ńlá wà nínú èyí. Ẹni tí kò lè retí èrè ọ̀la rí èrè kéékèèké gbà ní gbogbo wákàtí: ẹni tí ó bu omi rí ẹni dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ó kọ ebè rí ebè.

Láti ìparí àwọn ọdún 1960, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwádìí àrùn yìí ní ìlú mẹ́sàn-án, Ìbàdàn sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Aláìsàn 1,202 ni wọ́n kọ orúkọ wọn. Nígbà tí wọ́n padà wò wọ́n lẹ́yìn ọdún méjì, ara àwọn ti Ìbàdàn, ti Agra ní Íńdíà àti ti Cali ní Kòlóḿbíà yá ju ti London, Washington àti Moscow lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ohun tí ó fà á. Ọ̀pọ̀ wọn ka agbo ilé mọ́ ọn. Ní London fúnra rẹ̀, George Brown àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e ti ń fi hàn láti àwọn ọdún 1950 pé aláìsàn tí ó padà sí ilé tí a ti ń bá a wí ṣáá ni àìsàn rẹ̀ sábà máa ń padà. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní òkè òkun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹnu pẹ̀lú ń na ènìyàn.

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍLÉ

Èkínní, òògùn. Kí a má ṣe dá a dúró láìjẹ́ pé oníṣègùn ní kí a dá a dúró. Òtítọ́ ni pé òògùn náà, pàápàá bí ó bá pọ̀ jù, lè mú ara wúwo kí ó sì dín ìfẹ́ ṣíṣe nǹkan kù. Bí a bá rí èyí, kí a lọ sọ fún dókítà kí ó tún un wò, kí a má ṣe dá a jù nù.

Èkejì, kí èrè yára. “Bí o bá ṣe dáadáa títí ìparí oṣù, a ó ra aṣọ fún ọ” dára fún ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ti aláìsàn yìí, bí ó bá ti wẹ̀ tán, kí a yìn ín lójú ẹsẹ̀, kí a fún un ní ohun kékeré tí ó fẹ́ràn, kí a sì sọ ohun tí a fi fún un: “Torí pé o wẹ̀ ni.” Lọ́la, kí a rán an létí pé èyí tí àná dùn.

Ẹ̀kẹta, kí iṣẹ́ kéré, kí òfin má sì yí padà. “Lọ tọ́jú yàrá rẹ” pọ̀ jù. “Ká ẹní rẹ” tó. Ohun tí a yìn lónìí, kí a má ṣe bú u lọ́la, nítorí yíyí ẹ̀kọ́ padà ṣòro fún un.

Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣíwọ́. Ní àwọn ọdún 1960, Teodoro Ayllon àti Nathan Azrin ní Illinois ń fún àwọn aláìsàn ní àmì kéékèèké bí owó fún ìwẹ̀ àti iṣẹ́, wọ́n sì lè fi í ra ohun tí ó wù wọ́n. Àwọn tí ó ti jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún dìde. Nígbà tí a dá àmì náà dúró, iṣẹ́ náà rọlẹ̀.

Ìkarùn-ún, kí a má ṣe fi ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣe èrè tàbí ìyà. Ní 1972, ilé ẹjọ́ kan ní Alabama là á sílẹ̀ pé oúnjẹ tí ó péye àti ibùsùn jẹ́ ẹ̀tọ́ aláìsàn. Kí a má ṣe fi ebi pa á kí ó lè gbọ́ràn. Bí ó bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe, kí a dá a dúró pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn àti ohùn pẹ̀lẹ́, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dídá ènìyàn dúró kì í ṣe nínà.

Ẹ̀BẸ̀ MI SÍ ẸGBẸ́

Òfin tí orílẹ̀-èdè wa ń lò lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti 1916, wọ́n sì tún un ṣe ní 1958. Wèrè ni ó ń pe aláìsàn. Ní oṣù kìíní 2023 ni òfin tuntun rọ́pò rẹ̀, èyí tí ó ka aláìsàn sí ọmọ ènìyàn tí ó ní ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n òfin kì í gbé inú yàrá ẹ̀yìn. Àwa ni a ń gbé ibẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ Ẹgbẹ́ ní ohun mẹ́ta. Kí a ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ àti òògùn àwọn tí ó ń lọ sí Yábàá àti Oṣòdì. Kí àwọn télọ̀, káfíńtà, oníbúrẹ́dì àti ọlọ́jà wa gba ẹni tí ara rẹ̀ ń yá sí iṣẹ́ wákàtí méjì lóòjọ́, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́wọ́ ní ọjọ́ náà gan-an. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń fowó ránṣẹ́ láti òkèèrè máa pe aláìsàn fúnra rẹ̀ lórí fóònù ní ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, kí ẹ bi í léèrè ohun tí ó ṣe, kí ẹ sì yìn ín. Ìyìn kò ní owó ìfiránṣẹ́.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Àwọn ọmọ wa wọ̀nyí ti mọ ọwọ́ òsì wa dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọn kò tíì rí tó. Ẹ jẹ́ kí a nà án sí wọn.

Kí ìlú wa tòrò, kí ó sì máa tẹ̀ síwájú. Àṣẹ.